Iná Mọ́tò Tó Ń Làágùn: Àárọ̀ Kan ní Ṣọ́ọ̀bù Réwáyà ní Ṣàngó

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú n'Ìbàdàn, ẹ wá dúró sí ẹ̀bá títì ní Ṣàngó láàárọ̀, níbi tí ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé ti ya kúrò lára èyí tó ti Mọ́kọ́lá lọ sí Yunifásítì. Ẹ fi àwọn awakọ̀ Micra tó ń pe Dùgbẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poly tó ń sáré lọ sí géètì sílẹ̀, kí ẹ máa wo iwájú mọ́tò nìkan. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí èyí tí iná ọ̀tún rẹ̀ mọ́ gaara, tí ìkùukùu sì bo tòsì nínú. Ẹ ó rí òmíràn tí ẹ̀kán omi tò sí inú gíláàsì rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹ ó tún rí èyí tó ti gba omi sínú débi pé bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì, omi náà á fò síwájú, á tún padà sẹ́yìn. Ẹni tó ni ín mọ̀. Ohun tí yóò sọ ni pé ṣebí iná ṣì ń tàn.

Òótọ́ ni, ó ń tàn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ ló yẹ kó kan ẹni tó ń wà á. Ìmọ̀ràn tó wà nígboro lórí iná tó gbomi sì pọ̀ ju ìwòsàn tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹnìkan á ní kẹ́ ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀, ẹlòmíràn á ní kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i yíká, ẹni tó ní ọjà lọ́wọ́ á ní kẹ́ ẹ kúkú ra òmíràn. Mo lọ jókòó ti réwáyà kan tí àwọn awakọ̀ agbègbè náà ń yìn, kí n lè fojú ara mi rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò ju páànù díẹ̀ lórí òpó igi lọ. Bátìrì tó ti kú wà nílẹ̀, wáyà aláwọ̀ oríṣiríṣi rọ̀ sára ìṣó, iná iwájú mọ́tò tí wọ́n ti yọ sọnù sì kún àpótí kan dẹ́nu. Fọ́kanáísà ló wà lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà ò sì dákẹ́ ariwo. Obìnrin kan ń din àkàrà lápá òsì, òórùn epo gbígbóná ń fẹ́ wá. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń bá a sọ tirẹ̀ mọ́ tiwọn.

Mọ́tò tó kọ́kọ́ dé ni Golf aláwọ̀ eérú kan. Ìyá tó ń wà á gbé ìró rẹ̀ nílẹ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa tà sí i, ó sì nawọ́ sí iná apá òsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Iná yìí tún ti gbomi o."

"Ẹ ṣé, Mà. Ẹ kú òjò àná. Mọ́mì, ta ló pààrọ̀ gílóòbù ẹ̀ kẹ́yìn?"

"Èmi ò sọ pé gílóòbù ló ń dà mí láàmú. Omi ni mo ní."

"Mo gbọ́, Mà. Ta ló pààrọ̀ ẹ̀?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọkùnrin kan níléepo ló bá òun pààrọ̀ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí òun ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, pé ilẹ̀ ti ṣú, òun ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Lòun bá gbé e lọ bá ẹnìkan, onítọ̀hún fi gọ́ọ̀mù dí i yíká, ó ní omi ò tún ní ríbi wọlé mọ́ láéláé.

"Kò purọ́, Mà," ni ọ̀gá dáhùn. "Èyí tó wà níta ò ríbi wọlé. Èyí tó wà nínú náà ò sì ríbi jáde."

Kó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, ó fi àkísà tútù nu ojú gíláàsì náà, ó sì fi èékánná họ ọ́ díẹ̀. Ohun tó ń wò ni bóyá ìta ló ṣú tàbí inú. A ń pè é ní gíláàsì ni, ike ni. Oòrùn wa yìí máa ń jẹ ìpara líle tí wọ́n fi kùn ún láti iléeṣẹ́, ike náà á wá pọ́n, á sì di hánrínhánrín. Sáńpépà àti omi ni wọ́n ń fi tọ́jú ìyẹn, láti èyí tó rí wúruwùru dé èyí tó kúnná, kí wọ́n tó tún kùn ún. Ẹni tí iná rẹ̀ gbomi nínú tó lọ sanwó sáńpépà ti sanwó fún àìsàn ẹlòmíràn. Ti ìyá yìí, ìta mọ́ tónítóní. Inú ni wàhálà wà.

Ọ̀gá ní kí ìyá náà tan iná sílẹ̀ kí àwọn wò ó fúngbà díẹ̀. Ohun tó ń ṣe yẹn nídìí, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ní mọ́tò mọ ìdí náà, nítorí òun ni yóò jẹ́ kó mọ ìgbà tó yẹ kó náwó àti ìgbà tí kò yẹ.

Iná iwájú mọ́tò òde òní kì í ṣe ohun tí wọ́n dì pa. Wọ́n dá ihò ìmí sí i lẹ́yìn, ọ̀nà bíńtín tí wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà kọdọrọ tẹ̀ sísàlẹ̀ kí òjò má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Bí gílóòbù bá tàn, afẹ́fẹ́ inú iná á gbóná, á fẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba ihò náà jáde. Bí wọ́n bá pa á, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù á tutù, á súnkì, iná á sì fa ti ìta wọlé láti dí àyè rẹ̀. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ ìta yẹn kún fún ọ̀rinrin. Afẹ́fẹ́ tó gbóná dé 30°C lè gba nǹkan bíi gíráàmù 30 omi sínú mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga. Bó bá tutù sí 20°C, nǹkan bíi gíráàmù 17 ni agbára rẹ̀ mọ. Èyí tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ ríbi bà sí. Ibi tó bá tutù jù ló sì máa bà sí, ìyẹn gíláàsì iwájú tí òjò ń lù. Ohun tó ń ṣe ìgò míńírà tí a yọ nínú fíríìjì lọ́sàn-án náà nìyẹn: omi tó bo ara ìgò ò ti inú ìgò jáde wá.

Nítorí náà, ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ tó bo igun iná láàárọ̀ ọjọ́ òjò kì í ṣe àrùn. Ìwé atọ́nà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń fi sínú mọ́tò wọn sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Bó bá parẹ́ lẹ́yìn tí iná ti tàn fún bí ìdajì wákàtí, tàbí tí oòrùn ọjọ́ náà bá gbé e lọ, ẹ má dá a lóhùn. Àmọ́ bó bá di ẹ̀kán tó ń ṣàn, bí omi bá dúró nísàlẹ̀ iná, bó bá ń padà wá lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, ọ̀nà kan ṣí tí kò yẹ kó ṣí, tàbí ọ̀nà kan dí tí kò yẹ kó dí.

Ti ìyá yìí jẹ́ méjèèjì.

Àwọn ọmọṣẹ́ tú bọ́ńpà sílẹ̀ lápá kan, wọ́n yọ sókẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé iná náà jáde. Ọ̀gá dojú rẹ̀ dé lórí àkísà kó lè rí ẹ̀yìn. Ibi tó yẹ kí ìdérí ike wà lẹ́yìn gílóòbù, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì fi rọ́bà tí wọ́n ń fi ká owó so ó. Rọ́bà náà ti gbẹ, ó ti já lápá kan. Bí ọ̀gá ṣe ṣí ọ̀rá náà, omi yọ lára rẹ̀, ó kán sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣáà rí i: ọmọkùnrin iléepo ọjọ́sí ṣí ìdérí láti pààrọ̀ gílóòbù nínú òkùnkùn, ìdérí bọ́, kò rí i, ó fi ohun tó rí lọ́wọ́ dí i, ó gbowó. Gbogbo omi tí táyà ń ta sókè nínú kòtò ń gba ibẹ̀ wọlé láti ọjọ́ náà.

Ihò ìmí méjì ló wà lẹ́yìn iná yìí. Kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti kọ́ tirẹ̀ sínú ọ̀kan, ọ̀gá fi ẹnu wáyà yọ amọ̀ pupa náà díẹ̀díẹ̀. Èkejì ò tilẹ̀ hàn mọ́. Gọ́ọ̀mù funfun ló bò ó mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ kí omi má ríbi wọlé láéláé. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bóyá ó máa ń rí irú èyí dáadáa. Ó fi ẹnu tọ́ka sí àpótí tí iná àlòkù kún. Mo yẹ díẹ̀ wò nínú wọn. Gọ́ọ̀mù funfun, gọ́ọ̀mù dúdú, gọ́ọ̀mù pupa tí wọ́n ń fi dí ẹ́ńjìnnì, kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀.

Lójú tèmi, gọ́ọ̀mù ti ba iná jẹ́ ju òjò lọ nílùú yìí. Ó yá, kò wọ́n, ó sì máa ń jẹ́ kí oníbàárà rò pé iṣẹ́ ti ṣe. Ẹni tó kùn ún ò ní sí níbẹ̀ nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin sókẹ́ẹ̀tì, tí àwọ̀ ewé á yọ lára rẹ̀, tí wáyà á máa gbóná, tí gílóòbù á sì máa jó ní oṣooṣù.

Ọ̀gá yí iná náà, omi tú jáde láti inú rẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ó sì ń rùn díẹ̀. Ọmọṣẹ́ kékeré ti nawọ́ gba ọ̀pá ìfẹ́táyà lọ́wọ́ fọ́kanáísà. Ọ̀gá ní kó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sára bébà. Ó ya bébà tí wọ́n fi di àkàrà, ó nà án, afẹ́fẹ́ fẹ́ lù ú. Ẹ̀kán omi wínníwínní tò sára bébà náà, àmì epo ẹ́ńjìnnì sì wà láàárín wọn. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti kì mọ́ inú táǹkì máa ń tu omi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá máa ṣí ìdí táǹkì kí omi náà dà nù, inú ohun tí wọ́n bá ń fẹ́ ló máa bá a lọ. "Omi lo fẹ́ fi gbẹ omi," ni ọ̀gá wí. Ọmọ náà dá ọ̀pá padà.

Èkejì rẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ti fi aṣọ wé ẹnu igi, ó fẹ́ tì í gba ihò gílóòbù wọlé kó lè nu inú gíláàsì. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ tí ọ̀gá pariwo. Ó wá iná Corolla kan jáde nínú àpótí, ó dojú rẹ̀ kọ mí. Àwo dídán tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń kó ìmọ́lẹ̀ gílóòbù jọ síwájú, ti bó lójú kan tó gbòòrò tó àtẹ́lẹwọ́, ike dúdú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kù. Ẹnìkan ti nu ún. Alumíníọ̀mù ni ohun dídán yẹn, wọ́n fín in sára ike nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Kí aṣọ gbígbẹ kàn án lásán ti tó láti bó o. Bó bá ti bó, kò sí ẹni tó lè dá a padà ní Ṣàngó, iná náà ti di àkísà.

Kí wá ni wọ́n fi gbẹ ẹ́? Iná mànàmáná ò sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, dráyà onídìrí tó wà lódìkejì ò ṣeé yá. Oòrùn ni wọ́n dúró dè. Ọ̀gá yọ gílóòbù méjèèjì, ó ṣí gbogbo ihò ẹ̀yìn, ó gbé iná sórí páànù ní ìdojúbolẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò dojú rẹ̀ kọ oòrùn. Ó ní àwo inú iná máa ń kó oòrùn jọ sójú kan, pé òun ti rí èyí tó jó ike ara rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ mọ́gbọ́n dání: ohun tí wọ́n ṣe láti tan ìmọ́lẹ̀ jáde tààrà á kó ìmọ́lẹ̀ wọlé tààrà bákan náà.

Nígbà tí iná ń yá oòrùn, Micra kan yà wọlé. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ Micra. Àwọn tó ń ná kọ̀rọ̀kọ́rọ́ ìlú yìí, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ irú èyí tó gba oyè Mọ́tò Ọdún ní Yúróòpù ní 1993, iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ló sì ti wà lọ́rùn wọn. Òkúta ti ba ojú iná èyí, ó ya láti igun dé àárín, séló-téèpù ló so ó pọ̀. Awakọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ò pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gọ́ọ̀mù pa á. Mo fẹ́ sáré gbé èrò."

"Gílóòbù wo lo fi sí i?"

"LED ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ọ̀gá mi orí. Gílóòbù tí Micra bá wá láti iléeṣẹ́, H4, ń jẹ 55 watts nígbà tí iná bá wà nílẹ̀, 60 nígbà tó bá ga, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ń di ooru. Ara gíláàsì gílóòbù náà ń gbóná kọjá 250°C. Ooru yẹn ló ń gbẹ ìrì inú iná láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀. LED ò jẹ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ló sì ń da ooru tirẹ̀ sí, iwájú á wà ní tútù, ìrì á jókòó. Kò tún tán síbẹ̀. Ìdí LED máa ń tóbi torí fáànù rẹ̀, rọ́bà ẹ̀yìn iná ò sì ní bò ó mọ́, àwọn tó ń tò ó á gé rọ́bà náà tàbí kí wọ́n jù ú sílẹ̀. Ti ọmọkùnrin yìí, wọ́n ti gé e. Iwájú ya, ẹ̀yìn ṣí, inú tutù.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń wo títì. Owó tí yóò kó fún ẹni tó ni mọ́tò lálẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ọ̀gá fi gúlù tó mọ́ gaara dí ojú yíyà náà lásán, ó ní kó wá ra iná àlòkù tó dáa ní Arárọ̀mí, ní Géètì, lọ́jọ́ tó bá sinmi. Ó gba owó díẹ̀. Kò pè é ní àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ Arárọ̀mí ló gbé wa dórí tòkúnbọ̀. Iná tuntun tó pọ́ọ́kú wà lọ́jà, ojú rẹ̀ dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni etí rẹ̀ ò lẹ̀ pọ̀ dáadáa. Ọ̀gá gbà pé tòkúnbọ̀ tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ pé, tí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń dè é ò ṣẹ́, sàn ju tuntun bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún fi ohun kan hàn mí tí n kò rí tẹ́lẹ̀: nínú iná kan, ilà ẹrẹ̀ tín-ínrín gùn lọ tààrà láti ìhín dé ọ̀hún, bí ẹni fi rúlà fà á. Ìrì kì í fa irú ilà bẹ́ẹ̀. Omi ti mu mọ́tò náà dé ibẹ̀. Ìlú tó rí àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, tí omi gbé afárá Apẹ̀tẹ́ lọ, kò yẹ kó jẹ́ àlejò sí mọ́tò tí omi mù, lókè òkun náà sì ni ìjì àti omi ń bo mọ́tò kí wọ́n tó tà á lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ wo inú iná kí ẹ tó sanwó tòkúnbọ̀. Wọ́n lè fọ ìjókòó, wọ́n lè pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kì í sí ẹni tó máa ń rántí fọ inú iná.

Àwọn àgbà tó wa Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, á sọ pé àwọn ò rí irú wàhálà yìí nígbà náà. Wọ́n rí i, ìpẹtà ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn tó bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá ni àwọn ará Amẹ́ríkà. Láti 1940, iná tí wọ́n dì pa pọ̀ mọ́ gílóòbù rẹ̀ ni òfin wọn fọwọ́ sí, gíláàsì ni gbogbo rẹ̀, bó bá kú, ẹ yọ odidi rẹ̀ sọnù. Ní 1983 ni ìjọba wọn gba iná oníke tí wọ́n lè pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀, Lincoln Mark VII ti 1984 ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni iná ti ń gba ìrísí ara mọ́tò, tó fúyẹ́, tó lẹ́wà, tó sì ń mí. Nínú mọ́tò tuntun, wọ́n ń fi ohun tí Robert Gore ṣàwárí ní 1969 dí ihò ìmí náà: Teflon tí wọ́n nà títí tó fi ní ihò wínníwínní tí ọ̀rinrin ń gbà jáde, tí ẹ̀kán omi ò sì lè gbà wọlé. Aṣọ òjò ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù kun ìyẹn ti sọ ọgbọ́n wọn dòfo.

Oòrùn ti ga nígbà tí wọ́n gbé iná Golf kúrò lórí páànù. Inú rẹ̀ ti gbẹ, ilà omi fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù nísàlẹ̀, ọ̀gá sì ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó fi bíléèdì họ gọ́ọ̀mù kúrò lójú ihò ìmí, ó ṣọ́ra kó má gé rọ́bà. Lẹ́yìn náà ló dán etí iná wò, ohun tí mo gbádùn jù láàárọ̀ náà sì nìyẹn. Ó fi ọ̀rá àti téèpù dí ihò gílóòbù, ó fi ìka dí ihò ìmí kan, ọmọṣẹ́ fi kànrìnkàn ọlọ́ṣẹ kun gbogbo ibi tí gíláàsì ti pàdé ara iná. Ọ̀gá wá fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn wọlé láti ihò ìmí kejì, jẹ́jẹ́. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ìfófòó. Ó hó níbi tí téèpù ò ti mú dáadáa, wọ́n tún un tẹ̀. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Etí iná ò hó níbì kankan. Gọ́ọ̀mù tí ìyá náà sanwó fún dí ohun tí kò jò.

Bí etí iná bá ń jò ńkọ́? Ọ̀gá ní ìgbà yẹn nìkan lòun ń la iná. Ooru ló ń mú kí gọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ rọ̀, bíi 100°C, kó má kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀ kí ike má bàa yí. Wọ́n á yọ gíláàsì, wọ́n á họ ti àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi tuntun tò ó padà yíká láìjá níbì kan. Iṣẹ́ ọ̀sán gbáko ni. Òun ò sì ní ṣe é fún ẹni tí ìdérí ẹ̀yìn iná rẹ̀ ò tíì pé.

Ọmọṣẹ́ kékeré mú àpò bíńtín kan wá, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun, tó kún fún hóró tó ń mu ọ̀rinrin. Ó ní òun gbọ́ pé bí wọ́n bá jù ú sínú iná, ìrì ò ní wá mọ́. Ọ̀gá ò bá a jà. Ó ní yóò mu, yóò sì yó, ìgbà tó bá yó, kí ni yóò ṣe? Nínú iná tó ń mí ní gbogbo ọjọ́, kò lè pẹ́ kó tó yó, ó sì tún lè yí lọ sẹ́bàá gílóòbù. Mo fara mọ́ ti ọ̀gá. Ẹ lè lò ó láti gbẹ iná tí ẹ ti yọ kalẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà.

Ọlọ́kadà kan gbé ìdérí ike dé láti Géètì, lẹ́yìn ìpè mélòó kan lórí fóònù. Àlòkù ni, àmọ́ rọ́bà etí rẹ̀ ṣì rọ̀. Ọ̀gá nu ẹnu sókẹ́ẹ̀tì títí irin fi dán, ó fi tíṣù di gílóòbù H7 mú kí ọ̀rá ọwọ́ má bàa lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀rá bá wà á gbóná ju ibi yòókù lọ, gílóòbù á sì tètè jó. Ó tẹ ìdérí, ó dún kẹ̀ẹ́. Wọ́n dá bọ́ńpà padà. Wọ́n bu omi lù ú láti òkè, kì í ṣe pẹ̀lú ọ̀pá káwọ́ọ̀ṣì tó ń tú omi bí ọfà, èyí tí ọ̀gá ní kò yẹ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ etí iná rárá. Wọ́n tan iná. Ìkùukùu kékeré yọ ní igun kan, ó dúró díẹ̀, ó lọ.

Ìyá náà ń wò ó bíi pé kò dá a lójú. "Ìdérí yìí náà ni gbogbo ẹ̀?"

"Òun náà ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù kàn án mọ́."

Ó ní lóru, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, òun kì í rí ẹ̀bá títì mọ́ bí tírélà bá ń bọ̀ níwájú. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀kán omi inú gíláàsì máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká: èyí tó yẹ kó balẹ̀ sójú ọ̀nà á lọ sókè, sójú ẹni tó ń bọ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, lè dá yín dúró nítorí iná tó kú. Iná tó ń tàn ṣùgbọ́n tí kò mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá ara yín dúró.

Nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá bá yín pààrọ̀ gílóòbù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó, ẹ má sanwó títí ẹ ó fi rí ìdérí ẹ̀yìn iná tó padà sí àyè rẹ̀.